Amber Alert ti wà nílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ṣe ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà (àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé) lọ́tọ̀?

Ìbéèrè: Ṣé Amber Alert kò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó. Ìkéde tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi ń wá ọmọ tí wọ́n jí gbé ni. Ọmọ ọdún 9 ni Amber Hagerman tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Wọ́n jí i gbé ní Arlington, Texas, ní 1996, wọ́n sì pa á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni ìkéde náà wà fún, ó sì gbọ́dọ̀ dá ọlọ́pàá lójú pé jíjí ni wọ́n jí i gbé. Tí obìnrin ẹni ọdún 24 bá jáde nílé tí wọn ò rí i mọ́, kò kàn án. Irú wọn gan-an sì ni àwọn ẹbí ọmọ onílẹ̀ ti ń pariwo lé lórí tipẹ́.

Ìbéèrè: Ta ló kọ́kọ́ dá ìkéde ti àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ìpínlẹ̀ Washington. Debra Lekanoff, aṣòfin tó jẹ́ ọmọ Tlingit, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, ló gbé àbá rẹ̀ wá. Gómìnà Jay Inslee buwọ́ lù ú ní 2022. Feather Alert, irú ìkéde kan náà ti California, tẹ̀ lé e ní 2023.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ní Washington, ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ké sí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Àwọn yẹn á fi tó oníròyìn létí, wọ́n á sì gbé e sórí pátákó oníná tó wà lójú títì márosẹ̀: irú ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ọkọ̀ tó gbé e lọ ńkọ́? Pátákó ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń fa ìdádúró?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni wàhálà wà. Ọlọ́pàá ẹ̀yà, ṣẹ́ríìfù (olórí ọlọ́pàá àgbègbè) tàbí FBI (ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀), èyíkéyìí nínú wọn ló lè ni ẹjọ́ náà. Ó kù sí orí ilẹ̀ ta ló ti ṣẹlẹ̀, àti bóyá ọmọ onílẹ̀ ni afurasí. Kí wọ́n tó yanjú ìyẹn, ilẹ̀ ti ṣú. Àkọsílẹ̀ pàápàá ò bára mu: ní 2016, ìròyìn 5,712 nípa obìnrin àti ọmọbìnrin onílẹ̀ tó sọnù ló wà lọ́dọ̀ FBI, àmọ́ 116 péré ló wọ NamUs, àkọsílẹ̀ àwọn tó sọnù ti iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀yà lè béèrè fúnra wọn?

Ìdáhùn: Ní California, ọwọ́ ọlọ́pàá ni ìbéèrè ti ń wá tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì dá padà. Ní 2024 ni wọ́n tún òfin náà ṣe kí ìjọba ẹ̀yà lè béèrè ní tààrà. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju pátákó lọ. Ní August ọdún yẹn kan náà, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí kóòdù MEP, àmì ìkéde fún ẹni tó sọnù tó sì wà nínú ewu, kí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù lè máa kéde ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti Amber.