Igi ilé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àfọ́kù ọkọ̀ ojú omi

Bí ẹ bá wọ ilé àtijọ́ onígi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yálà ilé ọtí ni tàbí ilé tí òfin ń dáàbò bò, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi nawọ́ sí ìtì igi dúdú tó dábùú àjà, á ní: “Ara ọkọ̀ ogun ojú omi ni wọ́n ti yọ ìyẹn.” Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ìgbà kan nínú rẹ̀ ní ìlú tó jìnnà sí etíkun gan-an. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́, ó sì máa ń dùn mí, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ń gbé fún ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Alfriston ní Sussex. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Clergy House, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1300 sí 1400. Díẹ̀ ló kù kó wó nígbà tí National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, rà á ní £10 péré lọ́dún 1896. Òun ni ilé àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà rà. Gbọ̀ngàn àárín rẹ̀ kò ní àjà: láti ilẹ̀ dé òrùlé, gbangba ni. Àárín ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná nígbà náà, èéfín á sì máa wá ọ̀nà jáde lókè. Igi óákù ni egungun ilé náà.

Kí ló wá ń mú kí èèyàn ronú ọkọ̀? Ihò ni. Wọ́n á rí ihò tí nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀ lára ìtì igi, wọ́n á ní kò wúlò fún ilé, a jẹ́ pé ibòmíràn ni igi náà ti wá. Ẹ sún mọ́ ọn. Lábẹ́ ìtì igi bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí ihò kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ki ọ̀pá bọ̀, tí wọ́n hun ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀pá náà bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Ògiri ló wà níbẹ̀ rí. Ẹnìkan wó ògiri náà kí yàrá lè fẹ̀, ihò ló ṣẹ́kù. Nígbà mìíràn, ara ilé àgbàlagbà tí wọ́n tú palẹ̀ ni wọ́n ti yọ igi náà, torí wọn kì í fi óákù tó dáa ṣòfò.

Àwa tí a mọ káfíńtà tó ń sá pákó sóòrùn kó má baà lọ́, ẹnu á yà wá pé igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ilé wọ̀nyí. Óákù tútù rọ̀ lábẹ́ àáké àti ayùn, àmọ́ tó bá gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, líle rẹ̀ á kọjá sísọ. Ní tútù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Wọ́n á tò ó pọ̀ wò ní àgbàlá iṣẹ́, wọ́n á fín àmì I, II, III, IIII sí oríkèé rẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á kó o lọ síbi tí ilé máa wà, wọ́n á sì fi èèkàn igi dè é. Lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró ni igi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbẹ, tí á máa lọ́, tí á máa là. Wíwọ́ yẹn gan-an làwọn kan ń pè ní àmì ọkọ̀!

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú igi fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ni óákù ń fi òrùka kan kún ara. Àwọn onímọ̀ á lu igi, wọ́n á fa ẹyọ kan tó rí bíi pẹ́ńsù jáde, wọ́n á wọn bí òrùka inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ sí, wọ́n á sì fi wé òrùka igi mìíràn tí wọ́n ti mọ ọdún rẹ̀. Bí òrùka tó sún mọ́ èèpo bá ṣì pé, wọ́n á mọ ọdún tí wọ́n gé e. Léraléra ni èsì ń fi hàn pé kò pẹ́ tí wọ́n gé igi tí ilé fi dúró. Igi tó ti sin ọkọ̀ fún ogún ọdún kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ilé tí wọ́n fi ọkọ̀ kọ́ lóòótọ́ wà. Igi ọkọ̀ ogun ojú omi méjì, HMS Impregnable àti HMS Hindustan, wà lára ilé ìtajà Liberty tí wọ́n kọ́ ní London lọ́dún 1924. Ní Wickham, ní Hampshire, ilé kan wà tí wọ́n ti ń lọ ọkà tẹ́lẹ̀ rí, tí wọ́n fi igi Chesapeake kọ́ lọ́dún 1820, ìyẹn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú ogun lọ́dún 1813. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ́ ìyẹn, ilé Alfriston ti lé ní irínwó ọdún.