Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ilé alájà 18 kọjá ní Marseille

Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí ní Kàbà tàbí Ìsánlú mọ wàhálà rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ là á já láàárín, yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì, fèrèsé oníkálukú sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé kò rí ibi tí yóò gbà jáde. Tí ooru oṣù kẹta bá mú, ìta làwọn míì ń tẹ́ ẹní sí.

Ìṣòro yìí ni Le Corbusier, ayàwòrán ilé, ní láti yanjú nígbà tó ń ya àwòrán Unité d'Habitation, ilé gbígbé alájà púpọ̀ kan ní Marseille, nílẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ó parí ní 1952: àjà 18, fláàtì 337. Ká ní wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí àjà kọ̀ọ̀kan ni, face-me-I-face-you gíga ni ì bá dà.

Àjà mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n dì í, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan péré ló wà fún mẹ́ta, ní ti àárín. Ilẹ̀kùn kan ṣí sí ọ̀tún, òmíràn sí òsì. Ẹni tó wọ ti ọ̀tún yóò bá ilé ìdáná àti pálọ̀. Tó bá gun àtẹ̀gùn inú ilé rẹ̀, fláàtì náà tún gba orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìn, níbi tí yàrá àwọn ọmọ wà. Ti òsì ń sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbà kọjá. Àwọn méjèèjì wá ní fèrèsé níwájú àti lẹ́yìn. Ó há o: ìbú rẹ̀ kò ju mítà 3.66 lọ. Pálọ̀ ga tó mítà 4.8, ṣùgbọ́n níbi tó kù, sílíìnì kò ju 2.26 lọ, ọkùnrin gíga á na ọwọ́ kàn án. Wọ́n ki fláàtì bọ àárín òpó kọnkéré bí ìgò nínú kéréètì, wọ́n sì fi òjé sí ìsàlẹ̀ kí ariwo má baà ràn. Odó iyán Yàgbà kò sí nínú ìṣirò wọn ṣá.

Orí òpó gìrìwò ni gbogbo ilé náà dúró lé, tí èèyàn àti atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sínú ọgbà igi tó yí i ká. Ṣọ́ọ̀bù wà lókè, ní àjà keje àti ìkẹjọ. Ìyẹn kò lè ta ní Kàbà. Ta ni yóò gun òkè bẹ́ẹ̀ lọ ra òróró?

Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé wọn kọjú sí, wọ́n sì dí ògiri àríwá pa nítorí atẹ́gùn líle tí wọ́n ń pè ní mistral. Kí ẹnikẹ́ni má da ìyẹn kọ nílẹ̀ Okun. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ibí yìí á sọ pálọ̀ di ààrò. Àríwá àti gúúsù ló yẹ kí fèrèsé kọjú sí, kí oòrùn máa gba orí òrùlé kọjá.

Ọgbọ́n àjà mẹ́ta yẹn kò sì nílò líìfù tàbí iná NEPA. Onílé tó bá kọ́ ìdì àjà mẹ́ta kan péré, tó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí àjà àárín, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ayálégbé yóò gùn kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ibi tí owó ti máa bọ́ ni àtẹ̀gùn inú fláàtì kọ̀ọ̀kan, àti pé kò ní ṣeé gba owó yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́.