Owó Orílẹ̀-èdè Kì Í Ṣe Owó Ìjọba

Bí NBS, àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún Nàìjíríà, bá ti kéde iye GDP ọdún kan, ìbéèrè tó máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn ni pé, "Ibo ni wọ́n wá kó owó náà sí?" Wọn ò kó o síbì kankan. Owó yẹn kò sí lápò ìjọba. Gbogbo ohun tí àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà ṣe jáde láàárín ọdún kan ni wọ́n díye lé: iṣu àgbẹ̀, irun tí onídìrí dì, dátà tí a rà, ẹ̀kọ́ tí tíṣà kọ́ ọmọ. Owó orí, owó epo àti irú wọn tí ìjọba ń gbà lára rẹ̀ nìkan ni tirẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wà nínú ìṣirò yìí ni pé wọn kì í ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní àgbẹ̀ kan ta ẹ̀gẹ́ fún onígàárì ní ₦40,000. Onígàárì bó o, ó rin ín, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó kù ú, ó yan án, ó wá tà á fún alárobọ̀ ní ₦70,000. Alárobọ̀ gbé e dé ọjà Bódìjà, ó tà á ní ₦85,000. Ẹni tó bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ á ní ₦195,000, irọ́ sì ni. ₦85,000 péré ló wọ ìṣirò: ti àgbẹ̀ 40,000, èyí tí onígàárì fi kún un 30,000, ti alárobọ̀ 15,000. Bí onígàárì bá ra igi ìdáná ₦5,000, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú 30,000 tirẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sọ́dọ̀ onígi. Àpapọ̀ kò ní yẹ̀.

Mọ́tò tòkunbọ̀ tó gba èbúté Èkó wọlé ńkọ́? Iye tí wọ́n rà á lókè òkun kò sí níbẹ̀. Èrè ẹni tó tà á fún wa níbí àti owó tí aṣọ́bodè gbà ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti London: London ló ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà kò sí nínú GDP Nàìjíríà.

Àmọ́ òṣùwọ̀n máa ń gbó. Títí di 2014, bí ọjà àti iṣẹ́ ṣe rí ní 1990 ni Nàìjíríà ṣì fi ń wọn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 2001 ni fóònù GSM dé. Nígbà tí wọ́n sún ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan yìí wá sí 2010, GDP ọdún 2013 fò láti nǹkan bíi trílíọ̀nù 42 náírà sí trílíọ̀nù 80, Nàìjíríà sì kọjá South Africa. Kọ́bọ̀ kan kò kún àpò ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kà. Ó burú kí ìjọba fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣètò ìlú pẹ̀lú àwòrán tó ti ṣá. Síbẹ̀, 2025 ni wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sún un sí 2019.

Àbùkù kan wà tí àtúnṣe yẹn kò kàn. Iṣu tí àgbẹ̀ gbìn tó sì jẹ nílé ara rẹ̀, wọ́n ń díye lé e. Iṣẹ́ ìyàwó tó sè é, tó sì gún un níyán, wọn ò kà á rárá. Kí obìnrin kan náà gún iyán kan náà ní búkà, ó ti wọ GDP. Nítorí náà, bí àwọn ìyá bá gba iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí ilé wọn wá ń ra oúnjẹ lóde, GDP á ga, bí iye iyán tí a jẹ kò tiẹ̀ lé ní òkèlè kan.