PsyToolkit

PsyToolkit jẹ́ irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá fi ń ṣe ìdánwò, tí wọ́n sì fi ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gijsbert Stoet, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe é. Ní 2010 ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn olùwádìí, orí Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àlàyé rẹ̀ ti 2017 dá lórí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, tí olùkópa lè ṣe láti ilé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lílò rẹ̀.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni èdè kékeré tí a fi ń kọ ìdánwò fún un. Ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rí lè ka àkọsílẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí olùkópa yóò rí, iye àkókò tí yóò fi rí i, àti bọ́tìnì tí yóò tẹ̀.

Ìdánwò Stroop

Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ti J. Ridley Stroop, ará Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1935. A ó kọ orúkọ àwọ̀ kan ní àwọ̀ mìíràn, bíi kí a fi tádàá aláwọ̀ ewé kọ «pupa», olùkópa yóò sì dárúkọ àwọ̀ tádàá náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó kà. Kíkà máa ń sáré ṣáájú, ó sì máa ń dí ìdáhùn lọ́wọ́. Orí bébà ni Stroop ti ṣe tirẹ̀: ó gba àwọn olùkópa tó ìṣẹ́jú àáyá 110 láti dárúkọ àwọ̀ ọgọ́rùn-ún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọgọ́rùn-ún àmì onígun mẹ́rin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú gbà wọ́n ní nǹkan bíi 63. Odindi bébà ni ó ń ka àkókò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè ka ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Bí àkọsílẹ̀ ṣe pín

Àkọsílẹ̀ kúkúrú nìyí:

bitmaps
  pupapupa
  pupaewe

table awo
  "bamu" pupapupa 1
  "tako" pupaewe 2

task stroop
  table awo
  keys p e
  delay 500
  show bitmap @2
  readkey @3 2000
  clear -1
  save @1 RT STATUS

block gbogbo
  tasklist
    stroop 48 all_before_repeat
  end

Abẹ́ bitmaps ni a ti ń dárúkọ àwọn fáìlì àwòrán. Níwọ̀n bí àwòrán ti ni wọ́n, a lè ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú wọn pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Apá task sọ bí ìgbà kan nínú ìdánwò ṣe ń lọ: dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdù 500, fi àwòrán tí ó wà ní òpó kejì table (@2) hàn, retí bọ́tìnì tí òpó kẹta (@3) tọ́ka sí nínú àwọn tí keys dárúkọ (1 ni p, 2 ni e), má sì dúró ju mílísẹ́kọ́ǹdù 2000 lọ, lẹ́yìn náà kí o pa àwòrán náà rẹ́ (clear). Block ló ń sọ iye ìgbà tí a ó tún un ṣe.

Table ni ó yẹ kí olùwádìí jókòó tì jù lọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà. Ká ní àwọ̀ mẹ́rin ni a lò. Àpapọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ yóò jẹ́ mẹ́rìndínlógún: mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ yóò ti bára mu, méjìlá yóò sì tako ara wọn. Bí a bá kọ ìlà mẹ́rìndínlógún yìí lásán, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí olùkópa yóò rí ni yóò máa tako ara wọn, ara rẹ̀ yóò sì mọ́ ọn, débi pé ìyàtọ̀ àkókò tí à ń wá láàárín èyí tó bára mu àti èyí tó tako ara wọn yóò dínkù. Nítorí náà, a máa ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tó bára mu nígbà mẹ́ta, kí ó di méjìlá sí méjìlá. Table yóò wá ní ìlà mẹ́rìnlélógún, all_before_repeat yóò sì rí i dájú pé gbogbo wọn jáde kí èyíkéyìí tó padà wá. Ní ìgbà 48, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ti jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé ìbéèrè

Ìbéèrè náà ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀: ìlà l: ni orúkọ ìbéèrè, t: ni irú rẹ̀, q: ni ìbéèrè fúnra rẹ̀. A lè fi ìdánwò sáàárín àwọn ìbéèrè, kí olùkópa kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i pé òun gbà láti kópa, kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Èsì àti bí àkókò ṣe péye tó

Save ń kọ ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. RT ni àkókò ìdáhùn. Nínú STATUS, 1 ni èyí tó tọ́, 2 ni àṣìṣe, 3 sì ni ẹni tí ó pẹ́ jù. Ìdáhùn tó tọ́ nìkan ni a sábà máa ń lò láti ṣírò àkókò.

Ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń tún àwòrán ara rẹ̀ yà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7 wà láàárín àwòrán kan àti òmíràn. Kíbọ́ọ̀dù náà ní ìdádúró tirẹ̀. Nínú ìdánwò Stroop, ẹnì kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà, ni a ń fi wé ara rẹ̀, nítorí náà ìdádúró tí kì í yí padà yóò parẹ́ nígbà tí a bá yọ àkókò kan kúrò nínú èkejì. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2019 fi PsyToolkit orí íntánẹ́ẹ̀tì wé E-Prime, irinṣẹ́ tí a ń sanwó fún tí a sì ń lò nínú yàrá ìwádìí, lórí iṣẹ́ tó díjú nípa èdè, èsì àwọn méjèèjì sì jọra. Ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ìyára àwọn àgbàlagbà wé ti ọ̀dọ́: bí ẹ̀rọ àwọn kan bá ti gbó ju ti àwọn yòókù lọ, ọjọ́ orí ẹ̀rọ yóò dàpọ̀ mọ́ ọjọ́ orí ènìyàn nínú èsì.