Ta ló máa wo iṣẹ́ ọnà tí ẹ fi kún fọ́ọ̀mù?

Bí àsìkò fọ́ọ̀mù yunifásítì Amẹ́ríkà bá ti dé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: "Ẹ ṣáà fi nǹkan kún un, bó bá ti pọ̀ tó ló ṣe dáa tó." Orin tọ́mọ kọ, àwòrán tó yà, ewì tó kọ ní SS2, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á kó dà síbẹ̀. Ó ń bí mi nínú, torí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ni wọ́n ń kó wàhálà bá.

Níbi tí iṣẹ́ ọnà ti jẹ́ dandan, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tó ń lọ sí Rhode Island School of Design, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ 12 sí 20 ránṣẹ́. Àwọn University of California ní tiwọn kì í gba irú àfikún bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ̀ka bíi tíátà tàbí orin bá dìídì béèrè. Àwọn yunifásítì bíi Princeton àti MIT, tí wọ́n ní ẹni tó bá wù lè fi ránṣẹ́, níbẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣìnà.

Wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ tó ń ka fọ́ọ̀mù ló máa wò ó, tí orí ẹ̀ á sì wú. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ẹ̀ka orin tàbí ti àwòrán ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún, ẹni tó fi iṣẹ́ náà jẹun. Kì í ṣe A tọ́mọ gbà ní WAEC ló ń wá, ìka ọmọ lórí dùùrù ló ń wò. Ohun tó bá sì sọ ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá ní iṣẹ́ náà ò burú, àmọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí lẹ rò pé ìyẹn fi kún ọmọ tí èsì ìdánwò ẹ̀ ti dáa tẹ́lẹ̀?

Wọ́n fi fídíò kan hàn mí. Ọmọ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, jẹnẹrétọ̀ ń hó, àwọn akọrin bo ohùn dùùrù mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn orí ọmọ nìkan la rí. Ọmọ yẹn mọ dùùrù ní ti gidi. Ta ló máa tinú fídíò yẹn mọ̀?

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má fi ránṣẹ́ o. Ọmọ tó ń lu gángan láti kékeré, tó lè jókòó sínú yàrá tó dákẹ́ kó lù ú tí ọwọ́ ẹ̀ hàn, ó ṣeé ṣe kó ṣe é láǹfààní. Ní ti ọmọ tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ to ẹ̀rọ, MIT láyè tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fún àwọn yòókù, ó jọ pé àròkọ ni kí wọ́n lo àkókò wọn fún.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní òun á bá yín to iṣẹ́ ọmọ, ẹ fojú ara yín ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà kọ: iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fẹ́, ibi tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sí, àti ọjọ́ tó máa parí, torí ó lè má bá ọjọ́ fọ́ọ̀mù dọ́gba. SlideRoom, ìkànnì tí wọ́n ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Tí wọ́n bá béèrè owó níbẹ̀ tí agbára yín ò sì gbé e, ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda ẹ̀.