Họ́kì orí yìnyín kò dúró de yìnyín ojú ọ̀run

Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti kọjá, tí ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ ní Kétu, fídíò ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ nínú họ́kì orí yìnyín, eré tí wọ́n ń wọ bàtà onírin fi ọ̀pá gbá lórí omi dídì, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Orílẹ̀-èdè 10 ló ń kópa ní ìpele òkè, láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá títí di nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ tí kò ju 20 ọdún lọ ló sì ń gbá a. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bá wò ó, láti Kétu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), títí kan àwọn olùkọ́: "Eré ìlú òtútù nìyẹn. Níbi tí yìnyín kì í bá ti í bọ́, wọn ò lè gbá a láéláé." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí àwọn ọmọ wa ń gbà á gbọ́.

Pé Canada, Sweden àti Finland wà lára àwọn tó ń borí jù, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ibi tí yìnyín inú pápá yẹn ti ń wá.

Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ pápá náà, wọ́n sì ti tẹ́ páìpù sínú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹ̀rọ ńlá kan á mú omi oníyọ̀ tutù gan-an, á sì máa tì í kiri inú páìpù wọ̀nyẹn. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó dì, kó lè máa ṣàn. Bí ilẹ̀ bá ti tutù tán, wọ́n á fọ́n omi sórí rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èyí bá dì, wọ́n á fọ́n òmíràn. Wọ́n á kùn ún ní funfun, torí omi dídì kò ní àwọ̀, wọ́n á fa ìlà pupa àti búlúù sí i, wọ́n á tún fọ́n omi lé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Bí bàtà onírin bá ti ha á, ọkọ̀ kan á yí orí rẹ̀ ká, á fá a, á sì da omi gbígbóná lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, omi gbígbóná: ó ń yọ́ ojú ibi tó ha díẹ̀ kó tó dì, ìyẹn ló fi ń dán. Ibo ni òtútù ojú ọ̀run wà nínú iṣẹ́ yìí? Ìyá tó ń ta ẹja dídì ní ọjà Wàǹdó kò dúró de yìnyín kí ẹja rẹ̀ tó le ganrangan nínú ẹ̀rọ, bí oòrùn ọ̀sán tilẹ̀ ń ta lórí òrùlé. Iṣẹ́ kan náà ni. Láti 1876 ni wọ́n sì ti ṣí irú pápá bẹ́ẹ̀ ní London.

Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ yìí gan-an fi hàn. Àrùn Kòrónà dá a dúró ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n sì tún un gbá ní Edmonton, ní Canada, ní oṣù Kẹjọ 2022, nígbà tí ooru wọn mú. Canada fi 3 sí 2 borí Finland nínú àṣekágbá. Kò sí yìnyín kankan níta.

Wọ́n á ní Canada náà ṣì ni. Ó dáa, South Africa ti wà nínú àjọ họ́kì àgbáyé láti 1937. Kenya wọlé ní 2024. Inú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Nairobi ni pápá wọn wà. Bí ẹ bá ní Nairobi tutù, ẹ wo Bangkok, olú ìlú Thailand, tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ jọ ti Àjàṣẹ́: inú ilé ìtajà ńlá ni wọ́n ti ń gbá a.

Àwọn kan á wá sá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ara: ara ọmọ aláwọ̀ dúdú kò gbà á. Jarome Iginla, ọmọ Canada tó gbá họ́kì, ńkọ́? Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ní 1996, nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ yìí, ó kó àmì 12 (àpapọ̀ góòlù tó jẹ àti èyí tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti jẹ), kò sẹ́ni tó jù ú lọ, Canada sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Òótọ́ ni pé Edmonton ni wọ́n bí i sí. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ọmọ tó rí pápá, bàtà àti olùkọ́ láti kékeré lè mọ̀ ọ́n gbá.

N kò sọ pé ojú ọjọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ tí adágún ilé rẹ̀ ń dì lọ́fẹ̀ẹ́ ti ṣáájú. Ooru àti ọ̀rinrin sì ń dá wàhálà sílẹ̀: ní oṣù Karùn-ún 1975, ní Buffalo ní Amẹ́ríkà, kùrukùru bo orí yìnyín nínú gbọ̀ngàn tí kò ní ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù, débi pé àwọn tó ń gbá họ́kì kò ríran dáadáa. Ní Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò kò ní sinmi, iná mànàmáná tí yóò máa jẹ kì í ṣe kékeré. Bóyá ilẹ̀ wa yóò ní irú pápá bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó dà bíi pé owó àti iná ló ń dí wa lọ́wọ́ ju oòrùn lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi ọmọ yín sínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Canada tàbí ti Sweden, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ọmọ náà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin ìdíje náà gbà. Kò sí owó tí ẹ san fún alágbàtà tó lè yí ìyẹn padà.