Ta ni òfin Amẹ́ríkà ń pè ní ọmọ bíbí ilẹ̀ náà?

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà kí wọ́n tó bí i. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi bá Barack Obama jà, torí pé ọmọ Kẹ́ńyà ni bàbá rẹ̀. Kò sóhun tó jọ ọ́ nínú òfin.

Abala kejì ìwé òfin tí wọ́n kọ lọ́dún 1787 ní kí ààrẹ jẹ́ ọmọ bíbí, kó ti pé ọmọ ọdún 35, kó sì ti gbé ilẹ̀ náà fún ọdún 14. Kò dárúkọ òbí rárá. Àmọ́ kò ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ ọmọ bíbí, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti wọlé.

Ìwé Vattel, onímọ̀ òfin ọmọ Switzerland, ni àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ òbí yìí sábà máa ń gbé síta. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́, inú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1797 sì ni gbólóhùn “ọmọ bíbí” tí wọ́n ń tọ́ka sí ti jáde, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ òfin tán. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ẹjọ́ Minor, 1875, tó dá lórí ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kò sí iyèméjì lórí ọmọ tí òbí tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà bí sí ilẹ̀ náà; ó ní iyèméjì wà lórí àwọn yòókù, pé ẹjọ́ yẹn kò nílò kí òun yanjú rẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni wọn kì í kà.

Lọ́dún 1898 ni ẹjọ́ Wong Kim Ark dé. San Francisco ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ṣáínà ni àwọn òbí rẹ̀, òfin kò sì gbà kí wọ́n gbàwé ìlú, ìyẹn ni pé kí wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kódà ṣáájú ìgbà náà, Chester Arthur ti ṣe ààrẹ lọ́dún 1881, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tíì gbàwé ìlú nígbà tí wọ́n bí i sí Vermont.

Ó rọrùn kí àwa gba irọ́ yìí gbọ́, torí abala 25 òfin Nàìjíríà wo òbí tàbí òbí àgbà kó tó pe èèyàn lọ́mọ bíbí. Tiwọn yàtọ̀.

Ibi tí iyèméjì gidi kù sí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ Amẹ́ríkà bí sókè òkun, bíi sẹ́nétọ̀ Ted Cruz tí ìyá rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, bí sí Kánádà. Òfin ọdún 1790 pe irú wọn ní ọmọ bíbí. Òfin ọdún 1795 yọ gbólóhùn náà kúrò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù kò tíì dá a.

Ti ẹni tó gbàwé ìlú kò ní àríyànjiyàn nínú. Bí tọkọtaya ará Ìbàdàn tó ní gíríìnì káàdì bá bímọ sí Houston, ọmọ náà lè du ipò ààrẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ lọ́mọ ọdún méjì, tó sì gbàwé ìlú, lè ṣe gómìnà tàbí sẹ́nétọ̀; kò lè ṣe ààrẹ, kò sì lè ṣe igbákejì ààrẹ.